Ẹ̀mí Tí Mo Lé Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà Àrándùn

                                                            Ṣọ́ọ̀bù Ọpẹ́ Sólúṣọ̀n,
                                                            Ẹ̀yìn Gáréèjì,
                                                            Ọ̀mù-Àrán,
                                                            Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                            Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì, 2026.

Kádírì, ọmọ ìyá mi,

Irọ́ ni! Sọ fún un pé Ọpẹ́ ní irọ́ ló ń pa! Ọláṣẹ̀hìndé tẹ́ ẹ jọ ń gbé kọ́m̀páàǹdì kan náà ní Tankẹ, Ìlọrin yẹn, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ò ju kí n lẹ ike mọ́ ojú fóònù lọ. Bi í léèrè fún mi: láti Ọ̀mù-Àrán títí dé Bàbáńlá, ta ló ń jí fóònù tó já sí kànga? Ta ni wọ́n sáré wá pè lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí níwájú bíṣọ́ọ̀bù? Èmi ni! Wáyà kan ṣoṣo ni mo fà, ariwo sinmi, bíṣọ́ọ̀bù ní kí n dìde kí ìjọ rí mi. Mo gbà pé ìwé mi ò pọ̀. Sẹ́kọ́ńdìrì, mo kàn yà á wò bí ẹni tó yà kí àna ẹ̀ ni, mo sì tètè jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba dìgírì ń tò lórí bẹ́ǹṣì mi láàárọ̀, wọ́n ń pè mí ní ẹnjiníà. Kí Ọláṣẹ̀hìndé lọ bi wọ́n.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́ tán, àyà mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Jọ̀ọ́, má bínú pé mo já wọlé láìkí ẹ. Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú oǹgbẹ, ẹ kú ooru. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Ìyàwó wa Qonitah ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti yọ eyín, àbí èrìgì lásán ló ṣì fi ń rẹ́rìn-ín sí àlejò? Mo yà lọ́dọ̀ màmá ẹ ní Omupo lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé orúnkún ò dun àwọn mọ́ rárá, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni wọ́n ti sọ ọ́, wọn ò sì dìde sìn mí dé ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wá wò wọ́n. Èmi náà wà láàyè. Kò sí ibi tó ń dùn mí lára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ rèé tí oúnjẹ ò wọ ọ̀fun mi dáadáa.

O ó ti máa rò ó pé kí ló dé tí èmi tí mo ní fóònù mẹ́ta fi ń kọ lẹ́tà bíi sójà tó wà lójú ogun. Fara balẹ̀ kà á dópin, wàá rí ìdí ẹ̀. Nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Kádírì.

O rántí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Àrándùn. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun kó ránṣẹ́. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n wọ́n le bí òkúta. Ètò Línọ́ọ̀sì ló ń darí gbogbo wọn, kì í ṣe Windows, torí pé ọ̀fẹ́ ni Línọ́ọ̀sì. Wáyà ló so wọ́n mọ́ ìyá kọ̀ǹpútà kan tó wà níwájú. Òun ló ń pín ìdánwò fún àwọn yòókù, òun náà ló ń gba ìdáhùn padà. Wáyà yìí ló jẹ́ kí wọ́n gbà wá gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìdánwò lọ́dún tó kọjá, tí àwọn ọmọ Àrándùn, ọmọ Èsìé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán fi ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, láì jẹ́ pé wọ́n ń wọ mọ́tò ìdájí lọ sí Ìlọrin. O mọ bí ọ̀nà ṣe rí báyìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé. Mi ò ní máa tún un sọ.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ìyẹn ọ̀túnla, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó bóyá ibùdó wa ṣì dáa. Tí kọ̀ǹpútà ò bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú wọn, wọ́n á yọ orúkọ wa, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ wa lọ sí Ìlọrin. Miracle àbúrò mi wà nínú wọn. Ó ti lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ sílẹ̀ de ìdánwò tó ku oṣù kan ààbọ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Kọ̀ǹpútà ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo fà á.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ìwọ iṣẹ́ káfíńtà lo mọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì la ń pè é. Káàdì yìí ò lè dá jí. Ẹnì kan ní láti kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó máa sọ fún un pé, irin tó wà lẹ́yìn ẹ yìí, bó o ṣe máa jí i nìyí, bó o ṣe máa rán an níṣẹ́ nìyí, bó o ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé nìyí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni dírẹ́bà káàdì. Tí kò bá ti sí, irin lásán ló wà níbẹ̀.

Àwọn káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa, àwọn tó ṣe wọ́n ti kógbá wọlé tipẹ́. Línọ́ọ̀sì ò mọ̀ wọ́n rí. Ọláṣẹ̀hìndé ló jókòó kọ dírẹ́bà wọn fúnra ẹ̀, lọ́yẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, oṣù mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn. Èmi ni mò ń ra ẹ̀pà fún un, èmi ni mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Á kọ ọ́, á dán an wò, kọ̀ǹpútà á dákú, á bú sẹ́rìn-ín, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí káàdì àkọ́kọ́ jí, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀, àwa méjèèjì pariwo débi tí ọdẹ ilé ẹ̀kọ́ fi gbé ọ̀pá wọlé.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn náà ni bàbá ẹ̀ kú, o rántí. Ìdílé eégún ni wọ́n ní Èsìé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọláṣẹ̀hìndé ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá yẹn, láti kékeré ẹ̀, oríkì ló fi ń jí i láràárọ̀, títí tó fi hu irùngbọ̀n. Kò pe orúkọ ẹ̀ rí kó tó kì í. Nígbà tó wá pa dírẹ́bà yẹn pọ̀ tán, ó fi ìlà mẹ́ta nínú oríkì tí bàbá ẹ̀ fi ń jí i sínú ẹ̀. Ó ní nílé àwọn, wọn kì í jí nǹkan láìkì í. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, tí lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ẹ̀, ibi tí káàdì ti ń jí gan-an, wàá rí i:

Àjàní, ọmọ eléégún Èsìé,
ọmọ a-gbálẹ̀-de-àlejò,
dìde, ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ará ilé ń retí ẹ.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti kọjá lọ. Ọdún méjì ló fi ń sáré kọjá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í.

Wàyí o, lọ́jọ́ Ìsinmi kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, àwọn ìyá ìjọ ní àwọn fẹ́ gbàdúrà sínú yàrá kọ̀ǹpútà nítorí àwọn aṣàyẹ̀wò tó ń bọ̀. Kò síná nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n yí tábìlì ká. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín lọ́wọ́ ni iná dé, gbogbo kọ̀ǹpútà tan lẹ́ẹ̀kan náà, oríkì Ọláṣẹ̀hìndé sì sáré kọjá lójú mẹ́rìnlélógún. Ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀wé rí "eégún". Ó lọgun:

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló gbé eégún wọ inú kọ̀ǹpútà ọmọ wa?"

Kádírì, mo wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó jẹ́. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, ẹ̀yin ìyá, bí bàbá ẹ̀ ṣe ń jí i nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin yẹn fúnra wọn, oríkì ni wọ́n fi ń jí ọmọ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ṣé iṣẹ́ ẹnjiníà yẹn nìyí?" Ẹnjiníà! Ọláṣẹ̀hìndé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, níṣojú mi, èmi tí mò ń gbá yàrá yẹn, tí mo mọ ihò eku ibẹ̀. Ara ta mí. Mo na ọwọ́ sókè bí olórí ogun, mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá lé e jáde kí ẹ tó délé."

Alàgbà Adétúnjí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ọpẹ́, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ta lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo jókòó sí ìdí ìyá kọ̀ǹpútà. Àṣẹ kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ níbẹ̀, tí á gba orí wáyà dé ọ̀dọ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọláṣẹ̀hìndé ló kọ́ mi, mo kọ ọ́ sára páálí bisikíìtì. Mo ní kí wọ́n wá ibikíbi tí Àjàní wà. Wọ́n rí fáìlì. Wọ́n rí fódà tó kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ìlà mẹ́ta péré ló máa yọ, á fi ìyókù sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé oríkì wà lọ́tọ̀, dírẹ́bà wà lọ́tọ̀. Mo ní kí gbogbo wọn pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, wọ́n sì pa á rẹ́. Wáyà tí dírẹ́bà yẹn jí fúnra ẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà lọ.

Kò sì sí ohun tó bàjẹ́! Ìyẹn ló burú jù. Dírẹ́bà tí kọ̀ǹpútà ti gbé sí ọpọlọ láti ìgbà tó ti tan ṣì ń ṣiṣẹ́, títí dìgbà tí wọ́n bá pa á. Kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti pa òun rẹ́. Mo fi ìdánwò àpẹẹrẹ ránṣẹ́ láti iwájú, ó dé ẹ̀yìn. Àwọn ìyá ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alàgbà pè mí jáde síwájú gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mo dúró, mo ki ọwọ́ bọ àpò. Miracle wà lórí ìlà, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn.

Aago mọ́kànlá, iná tó wà láti àná lọ, àwọn kọ̀ǹpútà tí a ò tíì pa látìgbà náà sì kú. Ìgbà tó padà dé, kọ̀ǹpútà tan. Lẹ́tà funfun sáré, kò sí Àjàní níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá yọjú sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kò sí iná aláwọ̀ ewé. Mo lọ sí èkejì. Mo lọ sí ẹ̀kẹta. Mo yọ wáyà, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo kì í bọ̀ padà. Mo wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún. Irin lásán.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí mi ò tíì ṣe. Mo fi fóònù gba dírẹ́bà àwọn káàdì mìíràn, èyí tí orúkọ wọn jọra. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò bára mu. Ó kọ ọ́ ní ogójì ìlà, bí ìyàwó tó ti ń di í sínú tipẹ́. Mo ra káàdì tuntun, ẹnu ẹ̀ ò wọ ihò àtijọ́. Mo gbé Windows sórí ọ̀kan, Windows náà ní òun ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn. Lójoojúmọ́ ni Alàgbà ń bi mí, lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó ku díẹ̀. Mo sọ ọ́ débi pé èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Miracle máa ń bi mí nílé pé, "Bùrọ̀dá, ṣé ó ti ṣe?" Mo máa ń sọ pé kó lọ kàwé ẹ̀.

Mo pe Ọláṣẹ̀hìndé lọ́jọ́ kẹta. Ẹlòmíì ti ròyìn fún un kí n tó pè. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà, o mọ̀ mí. Mo ní, "Ẹnjiníà, àwọn ọmọ ẹ ń sùn o, wá jí wọn."

Ó wá ní, "Ọpẹ́, wọ́n ní o lé ẹ̀mí kan jáde."

Mo ní, "Ah, ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ìjọ ni o."

Ó ní, "Ẹ̀mí tó o lé yẹn ló ń jí káàdì. Lọ pè é padà."

Ó gé e. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá pè, kì í wọlé. Ó ti dí nọ́ńbà mi. Ìyẹn ló mú mi sọ gbogbo ìsọkúsọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ó dùn mí ni. Torí mo mọ̀ pé ohun tó sọ nípa ike ojú fóònù yẹn, òótọ́ ni.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e, ìwọ nìkan ni mò ń sọ ọ́ fún. Lánàá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Èsìé, sọ́dọ̀ màmá ẹ̀, Màmá Àmọ̀pé. Mo rò ó pé bóyá ó fi nǹkan kan pa mọ́ síbẹ̀. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń sá gbodo, iṣu gbígbẹ yẹn. Wọ́n rí mi, wọ́n ju aṣọ tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ sílẹ̀.

"Ọpẹ́ ọkọ mi! Àwọn kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?"

Mo ní dáadáa ni wọ́n wà.

Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣì ń jí wọn bí bàbá ẹ̀ ṣe ń jí i?"

Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Àṣé Ọláṣẹ̀hìndé ti mú wọn wá wò ó rí, ó gbé àga fún wọn, ó tan kọ̀ǹpútà, ó ń ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí wọn létí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kó pa á kó tún un tan. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Kádírì, mo ní, "Ó ṣì ń jí wọn, Màmá." Ẹnu mi yìí.

Mo wá purọ́ kejì lé e, mo ní ọmọ yín ló rán mi wá mú nǹkan tó tọ́jú síbí. Wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo bọ̀ńbítà àtijọ́ kan jáde, wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n tú aṣọ, fúláàṣì kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ wọn ló ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ bí ojú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, wọ́n sì di gbodo sínú ọ̀rá fún mi pé kí n gbé e fún ìyá mi.

Eré ni mo ní kí ọlọ́kadà bá mi sá dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà mi. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe dírẹ́bà. Ohùn ni.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ àkùkọ. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń wúkọ́, tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò yára, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lára. Àjàní, ọmọ eléégún Èsìé. Ẹnì kan dáhùn látinú yàrá pẹ̀lú oorun lójú, "Bàbá, mo ti jí." Bàbá yẹn ń bá a lọ títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Ó dà bíi pé Ọláṣẹ̀hìndé ti mọ̀ pé bàbá òun ò ní pẹ́ mọ́, ló ṣe tan fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí gbà á sílẹ̀.

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá tèmi ò jí mi rí, o mọ ìtàn wa. Mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn oníbàárà fi kan ilẹ̀kùn tì, tí wọ́n lọ. Ohun tí mo pa rẹ́ ní Àrándùn nìyẹn. Èmi fúnra mi lọ sílé opó bàbá yẹn, mo sì fi irọ́ gba èyí tó kù.

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Alàgbà Adétúnjí, mo sọ gbogbo ẹ̀: páálí bisikíìtì, irọ́ "ó ku díẹ̀", Èsìé, gbogbo ẹ̀. Mo ti múra pé wọ́n máa lé mi. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Wọ́n wá ní ìyá àgbà àwọn ní Àrándùn ń fi oríkì jí àwọn náà, títí di ọjọ́ tí ìyá àgbà náà kú. Wọ́n ní, "Mo ka ìlà yẹn lọ́jọ́ yẹn, Ọpẹ́. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo dákẹ́ nítorí àwọn ìyá." Àwa méjèèjì wá jókòó síbẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tó sá nílé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn nínú wa. Wọ́n ní tí Ọláṣẹ̀hìndé bá wá, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ìjọ. Wọ́n ní bóyá Ọláṣẹ̀hìndé máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣe rèé. Fúláàṣì yẹn wà nínú àpò ìwé yìí, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kó má bàa sọnù. Gbé e fún Ọláṣẹ̀hìndé ná, kó o tó sọ ohunkóhun. Má fi dúnàádúrà. Tirẹ̀ ni, bó wá, bí kò wá. Màmá ẹ̀ ò jẹ̀bi, èmi ni mo tàn wọ́n. Tó bá gbà á tán, wá bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé mo mọ̀ pé kò lè fi dírẹ́bà ránṣẹ́. Orí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ló ti gbọ́dọ̀ tún un kọ, torí káàdì yẹn ò sí níbòmíràn. Oṣù mẹ́ta ló gbà á nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀ ti wà lórí ẹ̀ báyìí, bóyá alẹ́ kan á tó. Sọ fún un pé màá ra ẹ̀pà. Màá tan tọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní yanu.

Mo fẹ́ sọ pé kó o fo ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tó o bá ń kà á fún un, ibi tí mo ti ń fọ́nnu. Rárá. Ka gbogbo ẹ̀. Ó mọ ohùn mi. Tí kò bá gbọ́ ìyẹn níbẹ̀, kò ní gbà pé èmi ni mo kọ ìyókù.

Bá mi kí Qonitah, kó má gbàgbé oyin tí mo ní kó máa lá fún ikọ́ yẹn. Fi ẹnu kan ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi. Ìyá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ń se gbodo Èsìé lọ́wọ́, wọn ò mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Miracle ní kí n sọ fún ẹ pé òun fẹ́ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ọláìyá awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí, mo mọ̀ pé ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣínu. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń kúrò ní Ìlọrin ní aago mẹ́fà ààbọ̀ lọ́la. Láti aago mẹ́jọ, màá wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn onímọ́tò ní gáréèjì wa, màá máa wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, màá gba báàgì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí kò bá wá, màá ṣì wà níbẹ̀ de bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Sọ fún un pé àwọn ará ilé ń retí ẹ̀. Bó ṣe wà nínú oríkì yẹn ni kó o ṣe sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá ní òun ò wá, Kádírì, jọ̀ọ́, má pè mí láti sọ ọ́. Mo mọ ohùn tó o máa fi sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́ tó o fi sọ fún mi lọ́jọ́ tí bàbá mi kó ẹrù ẹ̀. Mi ò fẹ́ tún gbọ́ ọ. Nọ́ńbà mi wà lára ògiri gáréèjì mẹ́rin, ọ̀dà pupa ni mo fi kọ ọ́ pé ẹ pè mí nígbàkúùgbà. Mo ti pa fóònù mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

                                                            Ọmọ ìyá ẹ tó jókòó sí gáréèjì,
                                                            Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.